Ilẹ̀ Tó Ń Rìn Lẹ́yìn Ilé Ọkọ Mi

Ilé tí wọ́n gbé mi lọ nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó kò dúró lójú kan. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé àwọn ará ilé ni kò dúró lójú kan. Bí ìyẹn bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, mi ò ní kọ ọ́ sínú ìwé nígbà tí àwọn àna mi ṣì mọ̀wé kà. Ilé gan-an ni mo ń wí: ògiri, ìlẹ̀kùn, ilẹ̀ tí à ń tẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn, bí ẹni tó ń yọ́ kúrò níbi ìpàdé kí wọ́n tó yan ẹni tí yóò gbálẹ̀.

A ti gba òmìnira nígbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni, mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé kan ní Bẹẹrẹ. Ilé ọkọ mi wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Mápó. Bí ènìyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ariwo Ọjà'ba ni yóò máa gbọ́. Bó bá dúró ní ẹ̀yìnkùlé, òrùlé páànù ni yóò máa wò, ọ̀kan nísàlẹ̀ èkejì, gbogbo wọn ti pọ́n bí epo. Ẹ̀yìnkùlé yẹn da gẹ̀rẹ́ débi pé bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ ni yóò ti dúró, kí olówó rẹ̀ sì tó sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀, wọ́n ti bó o.

Igun ẹ̀yìnkùlé yìí ni yàrá Ìyá Àgbà wà, òun àti ilé ìdáná fara kan ara wọn. Ìyá Àgbà ló bí bàbá ọkọ mi. Inú yàrá yẹn náà ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí, bí wọ́n ti ń ṣe láyé ìgbà náà, wọ́n sì ti rẹ́ ilẹ̀ mọ́ ojú ibojì náà títí ó fi ń dán. Láràárọ̀, bí Ìyá Àgbà bá ti kírun Àsùbáà tán, yóò yíjú síbẹ̀, yóò ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Òjò rọ̀ lóru. Ọmọ ọmọ yín ò tíì jí, ọ̀lẹ ni." Yàrá tó tẹ̀ lé tirẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi ń sùn, nítorí náà mò ń gbọ́ ìròyìn ilé láti orísun. Ọmọ ọmọ tó ń bú yẹn, ọkọ mi ni.

Òjò ọdún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olórí ilé ìsàlẹ̀ gòkè wá bá wa lẹ́yìn ìrun Alásárì. Bàbá Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ó sanra, ohùn rẹ̀ a sì máa dé ṣáájú rẹ̀. Ó bá Mọ́gàjí, olórí ilé tiwa, lórí àga lọ́dẹ̀dẹ̀. Mọ́gàjí yìí ni àbúrò ọkọ Ìyá Àgbà.

"Mọ́gàjí," ni Bàbá Ìsàlẹ̀ wí, kò tíì jókòó, "ṣé ilẹ̀ tó wà lókè ò tó yín ni, tí ẹ fi ń gbé pèrègún yín wọ ẹ̀yìn balùwẹ̀ mi?"

"Pèrègún wo?"

"Pèrègún ààlà. Bàbá yín àti bàbá mi jọ gbìn ín ni, ó sì lọ tààrà. Ẹ wá wò ó báyìí, ó ti tẹ̀ bí ọrun. Bí mo bá ń wẹ̀, mo lè na ọwọ́ kí n já ewé rẹ̀ fi nu ojú."

"Ẹ bá fi nu ún. Ta ló bá yín jà?"

"Ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ gòkè wá fẹjọ́ ewé sùn."

Wọ́n bá ara wọn sọ̀ kalẹ̀, ìdajì ilé sì tẹ̀ lé wọn, nítorí ìjà ààlà dùn ún wò. Lóòótọ́, pèrègún ti tẹ̀. Àwọn tó wà lápá méjèèjì dúró síbi tí bàbá wọn fi wọ́n sí, àmọ́ àwọn àárín ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Mọ́gàjí bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ wá ìdí wọn. Koríko hù yí wọn ká, kò sí ibi tí wọ́n gbẹ́, aláǹtakùn tilẹ̀ ti ta òwú láti ara ọ̀kan dé ara èkejì.

"Ẹni tó bá hú igi tó dàgbà tó báyìí tó sì tún un gbìn, kò ní da koríko ìdí rẹ̀ rú?" ni Mọ́gàjí bi í.

Bàbá Ìsàlẹ̀ họ orí. "Bí ènìyàn kọ́ ló gbé e, a jẹ́ pé ilẹ̀ ló gbé e wá nìyẹn."

Ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe. A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Mọ́gàjí gbójú sókè, a bá a gbójú sókè, a sì rí ohun tó wà lókè orí pèrègún náà gan-an: ilé ìdáná wa, àti yàrá Ìyá Àgbà. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa.

Àbúrò ọkọ mi kan wà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba. Àwa ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, nítorí náà Akọ̀wé Mi ni mò ń pè é, bí ẹni ń pọ́n ọn lé ni mò ń pè é, bí ẹni ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ló sì ń gbọ́ ọ. Mọ́gàjí ránṣẹ́ pè é. Ó dé lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú bàtà tí wọ́n fi ń wọ igbó àti fìlà, ó lọ, ó bọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ wo ìdí ògiri, ó wọ ilé ìdáná, ó wọ yàrá Ìyá Àgbà. Ògiri ẹ̀yìn yàrá náà sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. A ti ń rí i tipẹ́. Ojú wa ni kò mú un ní nǹkan kan.

"Ìgbà wo ni ibí yìí sán?" ló bi wá.

Ìyálé wa, tí í ṣe àgbà gbogbo ìyàwó ilé, ní ọdún tí òun já àbíkẹ́yìn òun lẹ́nu ọmú ni. Ìyàwó mìíràn ní rárá, ó ti wà kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ omi dé àdúgbò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá ẹ̀rọ omi ló ṣáájú ni àbí ọmọ.

"Ìlẹ̀kùn ńkọ́? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í há?"

"Ìlẹ̀kùn mi ò há rí," ni Ìyá Àgbà dáhùn láti orí ẹní rẹ̀. "Ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣí."

Akọ̀wé Mi nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó ti Mọ́gàjí. "Bàbá, ilẹ̀ ẹ̀yìn yìí ń lọ. Èyíinì dá mi lójú. Ibi tí yóò dé ni kò dá mi lójú. Ó lè jẹ́ ilé ìdáná nìkan ni yóò gbé, ó sì lè gbé yàrá yìí mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ pọ̀ ju ohun tí mo rí lọ. Ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn wá, àwọn tó sì rántí, wọ́n ń bá ẹ̀rọ omi jà. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, mi ò rí i. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo irú ẹ̀ wà níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ò ní gbé e fún mi kí n fi wo ilé ìyá mi àgbà. Èèkàn, okùn, amọ̀ àti ojú la ní. Ó kéré o, àmọ́ kì í ṣe òfo."

Mọ́gàjí yíjú sí Ìyá Àgbà. Orí obìnrin náà ti funfun báláú, ṣùgbọ́n nítorí pé ilé ló bá Mọ́gàjí, ìyàwó náà ni ó ṣì ń pè é.

"Ìyàwó, ẹ gbọ́ ọ. Kí òjò ńlá tó dé, ẹ bọ́ sí yàrá iwájú."

"Ọkọ mi, mo gbọ́. Mi ò lọ." Ó na ọwọ́ sí ojú ibojì. "Ẹni tó sùn síbí yìí ò tíì sọ fún mi pé òun ń lọ síbì kan. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, kò jáde láì sọ fún mi. Ọjọ́ tó bá sọ, àwa méjèèjì la jọ ń lọ."

"Bí ilẹ̀ bá ya, kò ní dúró gbọ́ àdéhùn yín."

"Kó má dúró. Ta ni yóò máa kí i láàárọ̀ bí mo bá sùn síwájú? Ṣé ọ̀lẹ ọmọ ọmọ rẹ̀ yìí?"

Ọkọ mi wo ilẹ̀.

Wọ́n bá a sọ ọ́ títí. Ìpinnu tí wọ́n wá dé ni pé a ó máa ṣọ́ ògiri náà. Bí ibi tó sán bá ń gbòòrò, Ìyá Àgbà á bọ́ síwájú láìjanpata. Bí kò bá gbòòrò, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ojú tó fi gbà á kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ, nítorí pé mo kàwé, mo sì sún mọ́ ibẹ̀. Akọ̀wé Mi bu amọ̀ rírọ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó sán, lókè, láàárín, nísàlẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. "Bí ògiri bá tún lanu, amọ̀ yìí á ya. Bó bá wà ní odidi, ògiri ń sùn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án." Ó kan èèkàn sí ẹ̀bá pèrègún, ó ta okùn sí i kí a lè máa wo bí igi ṣe ń jìnnà sí okùn. Ó gùn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Okùn yẹn ò pẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ará ìsàlẹ̀ kan ti sá aṣọ sí i, ẹnì kan sì so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Ewúrẹ́ ṣe bí ewúrẹ́, ó fa èèkàn tu, ó jẹ pèrègún díẹ̀ kún un. Ògiri nìkan ló wá kù tí a lè gbójú lé.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di eré nínú ilé. Ìyàwó tí iyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀ rẹ̀ á ní ilẹ̀ ló rìn nígbà tí òun ń bu iyọ̀. Ọkọ mi pẹ́ kó tó dé láti ìdí ayò, mo bi í léèrè, ó ní òun ti ń bọ̀ tipẹ́, ilé ló ń sún síwájú. Olùṣọ́ Ògiri ni wọ́n sọ mí. Ìyá Àgbà gan-an á gbọ́ ẹsẹ̀ mi láàárọ̀, á ní, "Olùṣọ́ Ògiri, aláìsàn rẹ jí ire?" Màá tẹjú mọ́ amọ̀ lókè, láàárín, nísàlẹ̀. "Ó jí ire, Ìyá." Á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Báyìí ni Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ti ilé-ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo yọjú wo aláìsàn mi, mo sì rò pé mo ṣi yàrá wọ̀ ni. Ògiri dúdú kirimú, ó ń dán bí ojú omi. Amọ̀ mi ti lọ. Ibi tó sán ti lọ. Láti òkè dé ilẹ̀, àti ilẹ̀ náà pẹ̀lú, wọ́n ti fi amọ̀, ìgbẹ́ màlúù àti èédú rẹ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fi òkúta dán an. Àwọn ìyàwó ilé jókòó lójú ọ̀nà, wọ́n ń fọ ọwọ́, inú wọn dùn.

"Ẹ̀yin ìyá mi," mo ní, "mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

"A ò fọwọ́ kàn án," ni Ìyálé wa wí. "Òkúta la fi dán an."

"Ibi tó sán dà?"

"Ibo ló sán? Àbí o fẹ́ kí àwọn ọmọ-osú wọlé ọdún kí wọ́n bá ògiri tó lanu? Àwọn ọmọbìnrin ilé yìí tí wọ́n ń na ọrùn wá eruku lórí àjà? Wọn á ní kò sí ìyàwó nílé bàbá àwọn mọ́. Ìwọ máa lọ sí Bẹẹrẹ ní tìrẹ, àwa la máa jẹ èébú. Wò ó bí o ti lẹ amọ̀ káàkiri ojú ògiri bí ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná ṣe. A bá ọ tún un ṣe ni."

Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń rẹ́ ilé fún Iléyá, ọdọọdún ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé kọ́ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo yíjú wo Ìyá Àgbà. Ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ kíákíá.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ti ibí bẹ̀rẹ̀?"

"Ògiri tó ń ṣàìsàn, ẹ̀yin ò fẹ́ kí wọ́n fi oògùn pa á lára? Ó ti yá báyìí. Lọ sọ fún wọn pé ó yá."

Ó ti rò pé bí ojú wa ò bá rí ibi tó sán mọ́, ọ̀rọ̀ yàrá iwájú parí nìyẹn. Mo ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Mi, nítorí òjò ti ń ṣú lójoojúmọ́, a kò sì ní ohunkóhun lọ́wọ́ tó lè sọ fún wa bóyá kí ìyá arúgbó sùn síbẹ̀ tàbí kó má sùn síbẹ̀.

Ó dé, ó dúró lójú ọ̀nà, ó wo ògiri, ó wo ilẹ̀. Ẹ̀rín tó rín, ó fi jókòó ni.

"Ìyàwó," ló wí fún mi, "má sunkún. Amọ̀ tí mo lẹ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́sí, ibi tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ nìkan ló lè sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gba ibòmíràn ya, a ò ní mọ̀. Àwọn ìyá wa ti fi ẹyọ amọ̀ kan ṣoṣo bo yàrá látòkè délẹ̀. Kò sí ibi tí ilẹ̀ máa gbà mọ́ tí a ò ní rí i, ohunkóhun tó bá sì sán, tuntun ni."

Ẹ ò rí i bí Ìyálé wa ti na ọrùn. "Mo sọ fún un," ló wí fún mi, bí ẹni pé ohun tó rò látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Bó bá ń gbẹ, á sán kéékèèké bí òwú aláǹtakùn," ni Akọ̀wé Mi tún wí. "Ẹ má ka ìyẹn sí. Èyí tó bá ń lọ síbì kan ni kí ẹ ṣọ́. Ibi tó bá parí sí lónìí, ẹ fi èédú sàmì sí i. Bó bá kọjá àmì lọ́la, ilẹ̀ ń rìn."

Iléyá wá, Iléyá lọ. Àwọn ọmọ-osú yin ògiri, wọ́n sì rí eruku lórí àjà. Òjò wá sọ̀kalẹ̀ gidi. Òwú aláǹtakùn hàn bí Akọ̀wé Mi ti wí, a kò kà á sí. Lẹ́yìn òjò ńlá kan ni mo rí òmíràn, tín-ín-rín bí irun orí, kì í ṣe ní ibi tó sán tẹ́lẹ̀ rárá. Ìdí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ló ti jáde, ó ń bọ̀ lórí ilẹ̀ yàrá. Mo fi èédú sàmì sí ẹnu rẹ̀. Òjò tún rọ̀, ó kọjá àmì. Mo tún sàmì.

Láti ìgbà yẹn, èmi nìkan kọ́ ni olùṣọ́ mọ́. Àwọn tó rẹ́ ògiri ló ń sáré débẹ̀ ṣáájú mi láàárọ̀, pẹ̀lú orín lẹ́nu. Ó ń tẹ̀ bó ti ń lọ, bí dòjé tí wọ́n fi ń gé koríko. Ìyálé wa kúnlẹ̀, ó ń fi ìka tọ ipa rẹ̀. "Ẹ wò ó, ó ń yà bàrá. Kò fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Bàbá tí wọ́n sin síbí." Nígbà tó yá, ó gun ògiri ẹ̀yìn lápá kejì, ó sì wà bẹ́ẹ̀: ó gé igun yàrá kúrò lára yàrá bí ìgbà tí a bá gé etí iṣu.

Mọ́gàjí wá. Akọ̀wé Mi wá. Ìyá Àgbà dìde lórí ẹní, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ ojú ibi tó là náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, díẹ̀díẹ̀. Ibojì wà ní apá ọ̀nà àbáwọlé, ó jìnnà sí ìlà náà dáadáa.

"Nítorí náà, òun ò lọ," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Bó ṣe hàn sí mi, Ìyá, ibi tó wà yẹn ń dúró," ni Akọ̀wé Mi dáhùn. "Mi ò lè búra, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a rí ń wí bẹ́ẹ̀."

Ó wo ẹní rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn ló tẹ́ ẹ sí, níbi tí atẹ́gùn wà, ó kọjá ìlà náà pátápátá.

"Èmi ló sùn sí apá tó ń lọ."

"Ẹ̀yin ni, Ìyàwó," ni Mọ́gàjí wí pẹ̀lẹ́.

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di ògiri mú, ògiri kan náà. "Bó ti ń ṣe nígbà ayé ẹ̀ nìyẹn. Ibi tó bá dára lórí ẹní, òun ló máa ń mú un." Ó nu ojú. "Ó dáa. Mi ò fi í sílẹ̀ báyìí, òun ló jókòó sílé. Ẹ gbé ẹní mi síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ má ti ìlẹ̀kùn yìí. Màá máa wá kí i."

A kó ilé ìdáná kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Mọ́gàjí sọ̀ kalẹ̀ lọ mú Bàbá Ìsàlẹ̀ wá wo ìlà náà, òun náà sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ ibẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, a gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ilé bí ìgbà tí wọ́n bá da iṣu sílẹ̀ látinú ọkọ̀. A sáré dé ibẹ̀. Ilé ìdáná ò sí mọ́. Igun yàrá Ìyá Àgbà ò sí mọ́. Ibi tí ìlà náà gbà gẹ́lẹ́ ni ó ti já, ibojì sì wà ní tirẹ̀, òjò kò tilẹ̀ tà sí i. Ọlọ ata kan àti agbọ̀n adìyẹ tó ṣófo ni ilẹ̀ bá lọ, àti balùwẹ̀ Bàbá Ìsàlẹ̀.

Òjò ò tíì dá nígbà tí ohùn rẹ̀ dé, òun alára sì tẹ̀ lé e, ó kó pèrègún mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ.

"Mọ́gàjí, àwọn ènìyàn yín dé ilé mi. Gbogbo wọn lápapọ̀. Wọn ò tíì jẹun."

"Ẹ fún wọn lómi," ni Mọ́gàjí wí.

"Omi ti pọ̀ lára wọn."

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, ilẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ yẹn náà ni a po. Ará òkè àti ará ìsàlẹ̀ tò, wọ́n ń ju amọ̀ sókè láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n sì mọ ògiri tuntun sí inú ìlà náà, kúrò létí gẹ̀rẹ́. Wọ́n tún pèrègún gbìn tààrà, pẹ̀lú àríyànjiyàn díẹ̀. Nígbà tí ògiri gbẹ, àwa ìyàwó ilé la rẹ́ ẹ. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, amọ̀ dé ìgúnpá mi, Ìyálé wa sì ń ṣọ́ mi bí mo ti ń fi òkúta dán an.

Yàrá náà ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè tẹ́ ẹní sí ju ẹ̀gbẹ́ ibojì lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Àgbà kọ́kọ́ tún sùn níbẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, bí mo ti ń gbọ́ ọ látilẹ̀ wá.

"Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti dé. Ẹ sún díẹ̀."